Ìṣúràǹsì Ìrìn-àjò: Kí Ló Ń Mú Un Wọ́n, Báwo La Ṣe Lè Jẹ Àǹfààní Owó Wa?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ owó ni, ó sì tún jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹni tí kò bá ráyè, kó ní kí ọmọ òun kà á sí òun létí nírọ̀lẹ́ lẹ́yìn tí ọjà bá tú.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn oníṣòwò ilẹ̀ yìí ti ń kọjá òkun lọ rajà. Láti àwọn ọdún 1960 ni àwọn tó ń ta léèsì l'Ékòó ti mọ ọ̀nà Lustenau ní ilẹ̀ Austria àti St. Gallen ní Switzerland, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ṣe léèsì tí a fi ń jó lóde òwàḿbẹ̀. Àwọn aláàǹkárá mọ Helmond ní Netherlands. Ní báyìí, Dubai àti Guangzhou ni ẹsẹ̀ kì í dá níbẹ̀. Ọjà ńlá tí wọ́n ń pè ní Canton Fair, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1957, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń ná an ní Guangzhou, àwọn èèyàn wa kì í sì í gbẹ́yìn níbẹ̀.

Nínú gbogbo ìwé tí èèyàn ń kó jọ kó tó rìn, ìwé kan wà tí ọ̀pọ̀ ń rà bí ẹni ń ya fọ́tò páńpọ́ọ̀tì: kó ṣáà ti wà nínú fáìlì ni. Ìwé ìṣúràǹsì ìrìn-àjò ni. Ẹ́jẹ́ńtì ní kí oníbàárà mú iye báyìí wá, ó mú un wá, wọ́n tẹ ìwé jáde, wọ́n pa á pọ̀ mọ́ ìyókù, ó parí. Ẹ bi oníbàárà náà pé kí ni wọ́n kọ síbẹ̀, kò mọ̀. Ẹ bi í pé kí ló dé tí owó tí ìyá tó jókòó tì í nínú bàálù san fi jẹ́ ìlọ́po méjì tirẹ̀, á ní ẹ́jẹ́ńtì ìyá yẹn ló rẹ́ ẹ jẹ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ o. Ó sì lè má rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń rà ná. Ẹni tó bá ti dá èsúsú rí ló máa tètè yé, ṣùgbọ́n kì í ṣe èsúsú. Nínú èsúsú, bó pẹ́ bó yá, owó yín á kàn yín. Nínú ìṣúràǹsì, gbogbo èèyàn ló ń dá owó kékeré sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ adójútòfò, ẹni tí nǹkan bá ṣe nìkan ló sì ń kó. Ẹni tó lọ ire tó bọ̀ ire kò ní gba kọ́bọ̀, kó sì máa dúpẹ́ ni. Ìdí nìyẹn tí ilé-iṣẹ́ fi ń wo olúkúlùkù lójú pé: ẹni yìí, báwo ló ṣe rọrùn tó kí owó wa bá a lọ? Bí owó bá sì bá a lọ, èló ni? Inú ìbéèrè méjì yìí ni iye tí wọ́n ń pè fún yín ti ń jáde.

Ọjọ́ orí ló ṣáájú. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́, iye kan náà ni ọmọ ọgbọ̀n ọdún àti ẹni ọgọ́ta ọdún ń san. Láti nǹkan bí ọdún 65 tàbí 70 ni owó ti ń fò sókè, ó sì lè di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan kì í tilẹ̀ gba ẹni tó bá ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Nítorí náà, kí màmá tó bá ti lé ní 65 má ṣe gba iye tí ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo pè. Ibi tí ìpele ọjọ́ orí ti ń yí padà kò dọ́gba láàárín wọn: èyí ń yí i ní 65, èyí ní 70. Ìbéèrè kan péré níbẹ̀ lè dá owó ńlá padà sápò yín. Ẹ sì jẹ́ ká rán àwọn màmá wa kan létí, àwọn tí wọ́n fojú díwọ̀n ọjọ́ orí wọn nígbà tí wọ́n ń gba páńpọ́ọ̀tì, tí àwọn ọmọ fi ọdún mẹ́rin márùn-ún lé e: ohun tó wà nínú páńpọ́ọ̀tì ni ilé-iṣẹ́ máa fi ṣírò, kì í ṣe èyí tí Ọlọ́run mọ̀.

Ibi tí ẹ ń lọ ló tún kù. Amẹ́ríkà àti Kánádà ló wọ́n jù, torí pé owó ọsibítù wọn kò ṣeé fẹnu sọ. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ fi ń ta oríṣi méjì fún ẹni tó ń lọ káàkiri: gbogbo àgbáyé pẹ̀lú Amẹ́ríkà àti Kánádà, àti gbogbo àgbáyé láìsí méjèèjì. Èkejì ló dín owó. Ẹni tó ń lọ sí Dubai tó wá ra ti Amẹ́ríkà mọ́ ọn, ó dà bí ẹni tó fẹ́ se ọbẹ̀ alẹ́ kan tó lọ ra odidi àpò ata.

Ti ilẹ̀ Yúróòpù ní òfin tirẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè Schengen jẹ́ 29 báyìí, látìgbà tí Bulgaria àti Romania ti wọlé pátápátá ní January 2025. Austria, Switzerland, Netherlands, Ítálì, Faransé àti Jámánì wà níbẹ̀. Ìlú Ọba kò sí níbẹ̀, Ireland náà kò sí. Láti 2004 ni wọ́n ti ń béèrè pé kí ẹni tó ń gba físà wọn ní ìṣúràǹsì tí kò dín ní 30,000 yúrò, tó gbéṣẹ́ ní gbogbo àwọn orílẹ̀-èdè náà, tó sì kárí gbogbo ọjọ́ tí onítọ̀hún máa lò. Ó gbọ́dọ̀ san owó ìtọ́jú pàjáwìrì, owó ọsibítù, owó gbígbé aláìsàn padà sílé, àti ti òkú bí ọlọ́jọ́ bá dé. Ohun tí òfin sọ kò ju èyí lọ. Bí ẹ́jẹ́ńtì bá ń sọ pé dandan ni kí ẹ ra èyí tó ní owó àpótí tó sọnù, owó bàálù tó pẹ́ àti àwọn àsomọ́ mìíràn kí wọ́n tó fún yín ní físà, ẹ mọ̀ pé ọjà ló ń tà. Bí ẹ bá fẹ́ àwọn nǹkan yẹn, ẹ rà á, ó dára, ṣùgbọ́n ẹ́ḿbásì kò béèrè rẹ̀.

Ìlú Ọba ńkọ́? Wọn kì í béèrè ìṣúràǹsì kí wọ́n tó fún àlejò ní físà, ìyẹn ló sì ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. Ọsibítù ìjọba wọn kì í ṣe ọ̀fẹ́ fún àlejò. Lóòótọ́, bí wọ́n bá gbé èèyàn dé ẹ̀ka pàjáwìrì, wọn ò ní gba owó ìtọ́jú ibẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti dá a dúró lórí bẹ́ẹ̀dì, ìwé owó bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, iye tí wọ́n sì ń kọ fún àlejò láti ilẹ̀ wa jẹ́ ìdá 150 nínú ọgọ́rùn-ún iye tó yẹ kí ìtọ́jú náà jẹ́. Gbèsè ọsibítù tó bá tó 500 pọ́n-ùn tí wọn kò san láàárín oṣù méjì, ó lè mú kí wọ́n kọ físà fún onítọ̀hún nígbà tó bá tún fẹ́ lọ. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń lọ ṣe ọmọ ní London, ẹ fetí sí èyí dáadáa.

Ní China pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ ọsibítù ló máa ń ní kí aláìsàn fi owó sílẹ̀ kí wọ́n tó dá a dúró. Ẹni tí gbogbo owó rẹ̀ ti wọ inú ọjà, tí wọ́n ti di ẹrù sínú kọ̀ǹténà, níbo ló ti fẹ́ rówó yẹn? Ní ti àwọn tó ń lọ ṣe Umrah, owó ìṣúràǹsì ìtọ́jú wà nínú owó físà tí Saudi ń gbà. Ẹ bi ẹ́jẹ́ńtì yín kí ẹ tó san owó ìkejì lé e.

Iye ọjọ́ ni ibi tí a ti ń sọ owó nù jù. Wọn kì í ṣírò rẹ̀ ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ìpele ni wọ́n ń gé e sí, bí ẹni ń gé aṣọ ní ọ̀pá mẹ́rin mẹ́rin: ọjọ́ méje, mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, oṣù kan, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó máa lo ọjọ́ mọ́kànlá á san owó ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bó bá lè padà wálé ní ọjọ́ kan ṣáájú, ó ti bọ́ sí ìpele ìsàlẹ̀. Ẹ rántí pé wọ́n ń ka ọjọ́ tí ẹ wọlé àti ọjọ́ tí ẹ jáde mọ́ ọn. Òmíràn tún wà. Ẹni tó ń béèrè físà Schengen tí yóò máa fi wọlé léraléra, ìṣúràǹsì ìrìn-àjò àkọ́kọ́ nìkan ni òfin ní kó mú wá. Ó máa buwọ́ lùwé pé òun á ra ti àwọn ìyókù nígbà tí àkókò bá tó. Síbẹ̀ àwọn kan ń ta ìṣúràǹsì oṣù mẹ́fà fún ẹni tó fẹ́ lọ lo ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ pé òun máa rìn tó ẹ̀ẹ̀mẹ́rin márùn-ún lọ́dún, kó béèrè èyí tó jẹ́ ti ọdún kan gbáko. Ó sábà máa ń dín ju kéèyàn máa ra ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ, kìkì pé kó wo iye ọjọ́ tí wọ́n fàyè gbà lẹ́ẹ̀kan.

Owó wà tí wọ́n ń pè ní "excess" nínú ìwé náà. Ìyẹn ni iye tí ẹ̀yin fúnra yín máa kọ́kọ́ gbé sílẹ̀ kí ilé-iṣẹ́ tó fi tirẹ̀ kún un. Bí wọ́n bá kọ 100 dọ́là, tí owó dọ́kítà sì jẹ́ 90, ẹ̀yin lẹ máa san gbogbo rẹ̀. Bí iye yìí bá ṣe ga sí ni owó ìṣúràǹsì ń lọ sílẹ̀ sí. Nítorí náà, ìwé tó dín owó jù nínú méjì lè má jẹ́ èyí tó sàn jù, ẹ wo ibẹ̀ kí ẹ tó fi wọ́n wé ara wọn.

Náírà náà kò gbẹ́yìn. Dọ́là tàbí yúrò ni wọ́n fi ń ṣírò ọ̀pọ̀ nínú ìṣúràǹsì yìí kí wọ́n tó yí i sí náírà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ní báńkì, dọ́là kan wà ní nǹkan bí ₦460. Ìjọba tú owó sílẹ̀ ní June ọdún náà, nígbà tó fi máa di February 2024, dọ́là kan ti lé ní ₦1,500. Bí ìwé kan bá jẹ́ 30 dọ́là, ₦13,800 ló jẹ́ tẹ́lẹ̀, ó di ₦45,000, ilé-iṣẹ́ náà kò sì fi sẹ́ǹtì kan kún un. Kí ẹ tó bá ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì jà, ẹ béèrè iye tó jẹ́ ní dọ́là, ẹ sì béèrè iye tí wọ́n fi ṣẹ́ ẹ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àìsàn, a ò sì ní fi bò. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà sì ń bá àwọn mìíràn jà. Nínú fọ́ọ̀mù ìṣúràǹsì, wọ́n á béèrè bóyá ẹ ní àìsàn kan tẹ́lẹ̀. Ẹ́jẹ́ńtì á ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká kọ pé rárá, kó má bàa wọ́n." Ẹ má gbà fún un. Ọ̀pọ̀ ìṣúràǹsì olówó pọ́ọ́kú kì í san owó lórí àìsàn tó ti wà lára tẹ́lẹ̀. Bó bá sì di ọ̀ràn, ilé-iṣẹ́ máa béèrè ìwé lọ́wọ́ dọ́kítà, oògùn tó wà nínú báàgì yín nìkan tó láti tú àṣírí. Bí wọ́n bá rí i pé wọ́n parọ́ fún wọn, wọ́n lè wọ́gi lé gbogbo rẹ̀. Ohun tó tọ́ ni kí ẹ sọ òótọ́, kí ẹ sì béèrè bóyá wọ́n ní èyí tó ń san owó nígbà tí àìsàn àtijọ́ bá ṣàdédé gbéra sọ. Ó wà lọ́dọ̀ àwọn kan, ó sì ní iye tí wọn kì í kọjá. Owó tó máa lé e kò lè tó owó ọjọ́ kan ní ọsibítù Yúróòpù. Aláboyún náà ní láti béèrè oṣù tí wọ́n máa ń gbà á dé. Láti ìgbà kòrónà ní 2020, ó tún yẹ kéèyàn béèrè bóyá wọ́n yọ àjàkálẹ̀ àrùn kúrò.

Ní ti òkú, a mọ̀ pé ẹnu wúwo láti sọ ọ́, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká kú sájò. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ bí ó ti máa ń rí nígbà tí wọ́n bá ń ti ìsọ̀ dé ìsọ̀ dáwó láti fi gbé òkú ọmọ ọjà wá sílé? Iye tí wọ́n kọ fún gbígbé òkú wálé wà nínú ìwé yẹn, ẹ wá a, ẹ kà á.

Ọ̀rọ̀ tó kan oníṣòwò jù lọ rèé o. Ìṣúràǹsì ìrìn-àjò kì í dáàbò bo ọjà. Àpótí tó sọnù tí wọ́n kọ síbẹ̀, aṣọ yín àti bàtà yín ni wọ́n ń sọ, iye díẹ̀ náà ni. Léèsì ogún ìdì tí ẹ rà fún títà, sáńpù tí wọ́n fún yín, wúrà tí ẹ dì mọ́ra, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn kò sí níbẹ̀. Owó tútù tún wà níbẹ̀: bóyá kí wọ́n má san án rárá, tàbí kí wọ́n san ìwọ̀nba díẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kí ọjà rẹ̀ ní ààbò gbọ́dọ̀ ra ìṣúràǹsì ẹrù lọ́tọ̀, yálà ti ojú omi tàbí ti bàálù. Ti ẹrù yẹn ní oríṣi mẹ́ta, A, B àti C. A ló gbòòrò jù, C ló há jù, owó wọn sì tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ń gba Sẹ̀mẹ̀ lọ sí Kútọnu, Lomé àti Accra náà, ẹ gbọ́. Káàdì àwọ̀ ilẹ̀ tí àwọn awakọ̀ ń mú dání, tí wọ́n ń pè ní "Brown Card", ìṣúràǹsì ọkọ̀ ni. Kútọnu ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti fọwọ́ sí i ní May 1982. Ẹni tí ọkọ̀ náà bá ṣe ní jàǹbá ní orílẹ̀-èdè kejì ló wà fún. Kò kan ibà tó mú yín ní Lomé, kò sì kan ẹrù inú búùtù. Káàdì yẹ́lò ní tirẹ̀, ìwé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ni, kì í ṣe ìṣúràǹsì. Ìyẹn náà, láti July 2016, abẹ́rẹ́ kan ti tó fún gbogbo ọjọ́ ayé, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ yín pé ọdún mẹ́wàá rẹ̀ ti pé.

Níbo wá ni kí á ti rà á? Ẹ má rà á lẹ́nu géètì ẹ́ḿbásì lọ́wọ́ ẹni tí ẹ ò mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́ NAICOM, àjọ tó ń mójú tó ìṣúràǹsì ní Nàìjíríà, ni kí ẹ wá lọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ mẹ́ta ó kéré tán, bí ẹ ti ń ná ọjà kí ẹ tó gbé owó kalẹ̀: ọjọ́ kan náà, ìlú kan náà, iye ààbò kan náà, kí ẹ lè mọ ẹni tó dín lóòótọ́. Ẹ sanwó sí àkáǹtì ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀, ẹ gba rìsíìtì. Láti January 2013 ni NAICOM ti fọwọ́ líle mú òfin pé ẹni tí kò tíì sanwó kò ní ààbò. Bí ẹ́jẹ́ńtì bá fi owó yín sápò, tó ní òun á san án lọ́la, ọwọ́ lásán lẹ gbé rìn. Bí ẹ bá ti gba ìwé, ẹ pe ilé-iṣẹ́, ẹ ka nọ́ńbà orí rẹ̀ fún wọn, kí wọ́n sọ bóyá àwọn mọ̀ ọ́n. Ilé-iṣẹ́ tó bá sì ń yẹ owó sísan sílẹ̀ láìnídìí, NAICOM ń gba ẹ̀sùn.

Nọ́ńbà tẹlifóònù pàjáwìrì máa ń wà lórí ìwé náà, tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń gbé e. Ẹ kọ ọ́ sórí bébà, ẹ fi ọ̀kan sí pọ́ọ̀sì, ẹ fi fọ́tòkọ́pì gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ tó wà nílé. Bí ara bá ṣe yín, nọ́ńbà yẹn ni kí wọ́n kọ́kọ́ pè bí agbára bá wà, torí ilé-iṣẹ́ míì kì í san owó ọsibítù ńlá tí wọn ò fọwọ́ sí ṣáájú. Bí olè bá jí nǹkan yín, ẹ gba ìwé lọ́dọ̀ ọlọ́pàá ibẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún. Rìsíìtì dọ́kítà, rìsíìtì oògùn, tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, ẹ má sọ ọ̀kankan nù títí ẹ ó fi délé.

Bí wọ́n bá sì kọ físà fún yín ńkọ́? Ẹ má yá a lójú. Púpọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ta ti Schengen ló ń dá owó padà tí wọ́n bá kọ físà, wọ́n lè yọ díẹ̀ fún iṣẹ́ wọn. Lẹ́tà tí ẹ́ḿbásì fi kọ̀ ọ́ àti ìwé ìṣúràǹsì náà ni ẹ máa mú lọ, kí ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ tó pé. Ẹ béèrè èyí kí ẹ tó sanwó, kí wọ́n sì fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí hàn yín.